Oyè Tí Mo Ń Bá Wọn Tọ́jú

Alabar, Kùmásì
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Jùnáídù ọmọ mi,

Àsàláámù àlàékúmù. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kí Ọlọ́run fi í gbé ọ dìde. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, kó fún ọ lága. Ohun tí o bá fọwọ́ kàn ní Àkrà níbẹ̀ yẹn kò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn tó jẹ́ ọ̀gá rẹ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, àwọn tí ìwọ jẹ́ ọ̀gá fún kò ní gba ẹ̀yìn bẹ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ òun ti ń rọlẹ̀, àmọ́ kò rọlẹ̀, aṣọ ló kàn fi bò ó. Òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣí páànù kúrò lórí yàrá tí ìwọ máa ń sùn, a ti kó ẹrù rẹ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ìwé rẹ kan tutù, a sá a, ó gbẹ, ṣùgbọ́n kò ṣe é kà mọ́. Ewúrẹ́ bí, ọmọ rẹ̀ kú. Ìròyìn kéékèèké parí síbẹ̀ yẹn, ó ku èyí tó tóbi.

Baálẹ̀ wa, Bàbá Sàláhúdéènì, ti lọ. O ti mọ èyí, torí mo fi wáyà ránṣẹ́ sí ọ, ìwọ náà sì dá mi lóhùn pé ilé iṣẹ́ yín kò lè yọ̀ǹda igbákejì máníjà láti wá sin òkú. Mo gbọ́. Mi ò bínú, màá sì ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi bínú, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ikú náà ṣe lọ, torí ìwọ lo kọ̀wé sí mi nígbà kan pé oyè tí à ń jẹ ní Alabar, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ẹni tó bá ń jẹ oyè tí kò lówó oṣù, ara rẹ̀ ló ń tàn. Mo ka ibẹ̀ sétí ìyá rẹ, ó ní kí n fò ó, kí n ka ìkíni ìparí.

O kò mọ ohun tí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn túmọ̀ sí ni, wọn kì í kọ́ni nílé ìwé tẹ́kì. Baálẹ̀, bàbá ilẹ̀ ni. Àwọn baba wa tó wá láti Ìlọrin ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá síbí pẹ̀lú ẹrù abẹ́rẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n gbé e lórí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tí wọ́n gúnlẹ̀ ni wọ́n rí i pé gbogbo ilẹ̀ Kùmásì ló ti ní bàbá, Aṣàńtí ti ni ín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù tí èèyàn ti rù dé ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dà nù. Bá a ṣe wá ní bàbá ilẹ̀ nìyẹn, tá ò ní ilẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n fún wa ní Tafo ká máa sin òkú sí. Ibẹ̀ ni Bàbá Sàláhúdéènì wà báyìí, oyè wọn sì ti wá bá ipò wọn mu.

Balógun, ẹni tó ni ogun. Ogun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí Balógun wa jà ni èyí tó bá àwọn ará ọjà Krofrom jà lórí ibi tí àwọn ìyàwó rẹ̀ á máa pàtẹ sí, kò sì ṣẹ́gun. Sàríkí, ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ọba gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìrìn ti rẹ ọ̀rọ̀ náà kó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ó wá di olóyè kan láàárín àwọn olóyè. Ọ̀tún ni ẹni tó ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún Baálẹ̀, Òsì ni ẹni tó ń jókòó lọ́wọ́ òsì, kò sí ìjìnlẹ̀ kankan níbẹ̀, àga ló sọ wọ́n lórúkọ. Jagun ni ẹni tó ń jà. Òun ló kéré jù, ìdí ìlẹ̀kùn ló ń jókòó sí. Jagun ni oyè mi. Òun nìkan ni wọ́n fi fún èmi gan-an.

Gbogbo èyí tó kù, mo ń bá àwọn tó ni wọ́n tọ́jú wọn ni. O ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ nígbà tí ìjọba ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Gánà. Ìwé tèmi pé, mo dúró. Àwọn yòókù ń kó ìkòkò àti kọ́kọ́rọ́ fún mi pé kí n bá àwọn wo àwọn nǹkan yẹn kí àwọn tó dé. Òsì ló kọ́kọ́ dá ti oyè sílẹ̀. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní Jagun, kò dáa kí èèyàn máa gbé oyè wọ lọ́rí bí ẹrù àlùbọ́sà, bá mi di ipò mi mú, tí òjò kan bá ti rọ̀ mo ti dé. Ọ̀tún rí i, àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Balógun ti wà nínú lọ́rí, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ju tiwọn sí mi. Sàríkí ti dé Lomé kí wọ́n tó rántí, wọ́n fi tiwọn rán awakọ̀. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ láti ìgbà yẹn.

Ètò wa sì ni pé ọ̀rọ̀ kì í ti ẹnu ọ̀nà fò lọ bá Baálẹ̀. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ yóò sọ fún Jagun, Jagun yóò sọ fún Òsì, Òsì yóò sọ fún Ọ̀tún, Ọ̀tún ni yóò gbé e wọlé tọ Baálẹ̀ lọ, èsì á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, èmi ni gbogbo ọ̀nà náà. Bí ẹnìkan bá wá pé òun fẹ́ kí Baálẹ̀ wá bá òun sọ ọmọ lórúkọ, màá gbọ́ ọ nídìí ìlẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bíi Jagun, màá sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, màá sọ ọ́, màá gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Òsì, màá tún sún, títí màá fi dé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì níbi tí Ọ̀tún wà. Ọjọ́ mìíràn wà tí Òsì kò fara mọ́ ohun tí Jagun sọ, ọ̀rọ̀ á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Yàrá Bàbá Sàláhúdéènì kò jìnnà sí bẹ́ǹṣì, wọ́n ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí ọ̀rọ̀ á fi dé iwájú wọn. Èèyàn gidi ni wọ́n. Kwaku télọ̀, Aṣàńtí tó ń ránṣọ nínú àgbàlá wa, máa ń dá ẹsẹ̀ dúró lórí maṣíìnì rẹ̀ wò mí. Ó ní Papa Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, ó ní láàfin Aṣàńtí náà ọ̀rọ̀ ń gba ẹnu ẹni kan kọjá kó tó kan ọba, ṣùgbọ́n ẹni yẹn kì í bá ara rẹ̀ jiyàn. Mo ní iye tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa la ń lò.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni Sàwúdátù gbé kòkò, ẹ̀kọ gbígbóná tibí, lọ fún Baálẹ̀. O rántí Sàwúdátù, ẹ̀gbọ́n Ràzíátù ìyá rẹ, òun ni Ìyálóde wa, òun ni Ìyá Àdínì, òun náà ló ń ta kòkò níwájú ilé. Ó jáde, ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì, ó ní Jagun, Baálẹ̀ sùn, wọn ò jí. Mo sọ fún Òsì. Òsì bú sẹ́kún. Ọ̀tún ní kó pa ẹnu mọ́, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Sàwúdátù dúró tì mí, ó ní mo bẹ̀ ọ́, yára, òkú Mùsùlùmí kì í dúró. Mo ní ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi yẹ ká ṣe é bó ṣe tọ́. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀tún ni mo rí i pé Baálẹ̀ ló kàn tí Ọ̀tún máa sọ ọ́ fún. Mo wo Sàwúdátù, Sàwúdátù wo ilẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo wọlé, mo lóṣòó síbi tí mo máa ń lóṣòó sí, mo sì sọ fún Baálẹ̀ pé Baálẹ̀ ti kú. Mo dúró de èsì, torí èsì ló máa ń tẹ̀ lé e. Sàwúdátù ló wá fà mí lápá jáde.

A gbé wọn lọ sí Tafo lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn Haúsá àti àwọn Mòsí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kírun sí wọn lára. Àwa tiwa kò tó láti gbé wọn, Kwaku fi maṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀, ó wá di igun kan mú. Ó bi mí lọ́nà bóyá ó yẹ kí òun sọ nǹkan kan, mo ní kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè, ọ̀nà náà ní ihò.

Ní báyìí, gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn olórí gbogbo ẹ̀yà tó wà ní Zongo, àdúgbò àwa àlejò, ní ìpàdé tiwọn. Bí olórí kan bá kú, lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́ wọ́n á pe ẹni tó rọ́pò rẹ̀, yóò wọlé pẹ̀lú Ọ̀tún àti Òsì rẹ̀, yóò jókòó láàárín wọn. Ẹ̀yà tí kò bá ní ẹni tí yóò jókòó bẹ́ẹ̀, wọn kì í lé e, wọ́n kàn máa ń kà á mọ́ ẹlòmíràn ni, bí èèyàn ṣe máa ń ka ọmọ òrukàn mọ́ ọmọ ilé. Tó bá ti di bẹ́ẹ̀, kò ní sí ẹní wa mọ́ ní ibi ìrun Iléyá, ẹni tó bá kú nínú wa, ẹlòmíràn ni yóò máa wá ibi tí wọn yóò sin ín sí, Yorùbá kò sì ní jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ nínú ìpàdé náà. Ẹ̀rù ibẹ̀ ló bà mí. Kì í ṣe ti fìlà.

Ẹni tó kàn láti di Baálẹ̀ ni Ọ̀tún. Sàwúdátù ní kí n dìde, ṣebí èmi ni Ọ̀tún. Mo ní mo ń bá ẹni tó ni ín tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ẹnìkan bá gbé agbádá fún ọ kó o bá òun tọ́jú rẹ̀, o kò ní wọ̀ ọ́ lọ fẹ́yàwó. Nítorí náà mo kọ̀wé sí Ìlọrin, mo ní kí Ọ̀tún wá gba ipò wọn, tàbí kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Ọmọ wọn ló dá mi lóhùn. Ó ní bàbá òun ti kú, ó ti pẹ́, pé Òsì ti ṣáájú wọn lọ, Balógun kò tilẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n délé. Ó ní Sàríkí ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n wọn ò rántí pé àwọn dé Gánà rí. Ó ní òun kò gbọ́ kí bàbá òun dárúkọ oyè kankan títí wọ́n fi kú, ó wá bi mí bóyá owó kan wà nínú rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà yẹn lórí bẹ́ǹṣì. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń sún fún àwọn èèyàn wọ̀nyẹn lórí bẹ́ǹṣì, tí mo ń fún wọn láyè kí ẹsẹ̀ má kan wọn. Mo dìde, mo lọ jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Kwaku kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó kàn gbé ìjókòó kékeré kan wá fún mi. Sàwúdátù ní tí wọ́n bá ti kú, èmi ni àrólé wọn nìyẹn, kí n yé ṣe bí ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ní ó dáa, mo gbà, èmi ni Baálẹ̀, ta wá ni Ọ̀tún? Ó ń ka èèyàn lórí ìka ọwọ́, ó dárúkọ ẹni tó ti lọ sí Líbíà, ó dárúkọ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́ ju ẹ kú àárọ̀ lọ, ó dárúkọ ẹni tó ń mutí. Ó dárúkọ rẹ. Ó sì ká ìka rẹ̀ kò.

Bí mo ṣe lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Adum nìyẹn láti fi tẹlifóònù pè ọ́ níbi iṣẹ́, torí nọ́ńbà wà lórí pépà tí o fi ń kọ̀wé sí wa. Ama, ìyàwó Kwaku tó jẹ́ tíṣà, ló tẹ̀ lé mi. Àwọn èèyàn tò síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lóye ètò tí wọ́n fi tò. Ọmọdébìnrin kan wà níwájú mi, bàbá arúgbó kan wà lẹ́yìn mi. Mo bèèrè ta ló tò wọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tó tò wọ́n, ẹni tó bá tètè dé ni àgbà. Mo gba bàbá náà láyè, ọkùnrin kan bínú. Nígbà tó kàn mí, wọ́n fún mi ní ìwé kékeré, oyè mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, Místà, Mísísì àti Míìsì, wọ́n ní kí n mú ọ̀kan. Mo bi obìnrin náà èwo ló ga jù, ó ní èyí tó bá jẹ́ tiyín. Mo ní tèmi kò sí níbẹ̀. Ama bá mi mú Místà. Ó ní ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní ìbẹ̀rẹ̀, pé gbogbo ọkùnrin tó bá ti wọ bàtà ló ń jẹ́ ẹ báyìí. Mo bi í léèrè àwọn ta ni wọ́n wá ń ṣe ọ̀gá fún. Ó ní ìyẹn kò sí nínú ìwé.

Tẹlifóònù fúnra rẹ̀ wù mí, kí n má parọ́. Obìnrin Adum kò bá ọ sọ̀rọ̀ tààrà, ó sọ fún obìnrin kan ní Àkrà, ìyẹn sọ fún ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ yín, mo rí i pé àwọn tó ṣe é mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Ẹni tó gbé e lọ́dọ̀ yín ní òun ni Gladys, òun ni sẹ́kítírì. Ama ti sọ fún mi pé ara àṣírí ni wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ sẹ́kítírì, pé ẹni tí à ń fi àṣírí pa mọ́ sí lọ́wọ́ ni. Nítorí náà mo kí i bó ṣe yẹ, mo sọ gbogbo oyè mi fún un ní Twi, èdè àwọn Aṣàńtí, mo ní kó bá mi sọ fún Òsì ibẹ̀ kó sọ fún Ọ̀tún kó sọ fún máníjà pé kó yọ̀ǹda igbákejì rẹ̀, Jùnáídù Jímọ̀h Abọ́dẹrìn, torí oyè ń dúró dè é nílé.

Ó ní Papa, ẹ jọ̀ọ́, kò sí igbákejì máníjà kankan níbí, máníjà gan-an ń wá iṣẹ́ mìíràn. Ó ní Jùnáídù kan ṣoṣo tí òun mọ̀ ni èyí tó ń ṣí géètì, ẹni gíga kan tó ní èjí, tó máa ń fi páálí bo orí bí òjò bá ń rọ̀. Mo ní òun náà ni, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni èjí yẹn ti wá. Ó wá ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ pé òun ló sọ ọ́. Ó ní ṣé kí òun pè ọ́ wọlé wá láti ìta, mo ní ó tì o, a kì í pe ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ́kítírì tí kò lè pa àṣírí mọ́ ṣì ni sẹ́kítírì, gẹ́gẹ́ bíi Baálẹ̀ tí kò nílẹ̀.

Jùnáídù, kí ló dé tí o fi ń fi oyè kékeré bo èyí tó tóbi mọ́lẹ̀? Kí ni igbákejì? Ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn má sí nílé. Mo ti ṣe é, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣí géètì, Oníbodè ni. Nígbà tí odi yí àwọn ìlú wa ká, ibodè ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ lára odi, ẹni tó bá sì ni ibodè ló ni wíwọlé àti jíjáde. Balógun á ti ogun dé pẹ̀lú ẹṣin, á dúró, á kí Oníbodè, ìgbà tó bá wu Oníbodè ni yóò dìde. Olówó á san owó ibodè, tálákà á bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tí ọba ń fi ọkàn tán, torí bó bá sùn, ìlú parẹ́. Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá rẹ nígbà tí mo délé, mo ní Ràzíátù, Oníbodè lọmọ wa. Ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn, ó pẹ́ gan-an kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Bí ayọ̀ ṣe máa ń ṣe obìnrin nìyẹn.

Ìdí tí mi ò fi bínú nípa ìsìnkú nìyẹn. Nígbà tí o kọ ọ́ pé wọn ò lè yọ̀ǹda igbákejì máníjà, ó rú mi lójú, torí bí igbákejì bá lọ, máníjà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní géètì, òótọ́ ni, géètì kò ṣe é fi sílẹ̀.

Lánàá la lọ sí ìpàdé náà. Mo wọlé, Sàwúdátù tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Kwaku ló jókòó lọ́wọ́ òsì mi, mo fi fìlà Òsì dé e lórí, torí ẹni tó ni ín kò bínú mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà Mòsí bi í ní Haúsá pé ọmọ ibo ni. Kwaku fi Twi dá a lóhùn pé ọmọ Ìlọrin ni òun. Bàbá Haúsá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá Sàláhúdéènì wo Kwaku, wọ́n wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní a kí Òsì àwọn Yorùbá káàbọ̀. Wọ́n wá wo awọ àgùntàn tó ṣófo lọ́wọ́ ọ̀tún mi, wọ́n bi mí ibo ni Ọ̀tún wà. Mo ní ó wà ní Àkrà, Oníbodè ni ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, ẹnikẹ́ni kò lè wọlé tàbí kó jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń túmọ̀ sọ ọ́ di Sàríkín Kófà. Àwọn Haúsá náà ní oyè yẹn láàfin wọn, olórí ẹnubodè ni, gbogbo wọn mirí. Wọ́n ní àwọn ò lè kán èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ lójú. Wọ́n fún wa láyè di Iléyá. Bó bá di Iléyá tí Ọ̀tún kò wá jókòó fúnra rẹ̀, wọn yóò kà wá mọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, Kwaku ní Papa Alátà, mi ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́, àwọn tó ń ṣí géètì, mo ti rí wọn l'Ákrà, fèrè mọ́tò ni wọ́n fi ń pè wọ́n, bí wọ́n bá pẹ́, wọ́n á bú wọn. Mo ní Kwaku, mo ti rí géètì rí.

Ohun tí mo fẹ́ ni kó o wá. Bó bá jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ilé yóò bi ọ́ nípa igbákejì máníjà ló ń dá ọ dúró, mo ti sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n ti gbé ọ kọjá ibẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò bi ọ́ léèrè. Bí ọ̀gá yín bá ń ṣòro, kọ ọ́ sí mi, màá kọ̀wé sí i, olóyè sí olóyè. Jíjókòó nìkan ni iṣẹ́ náà, o ti dúró tó.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, páànù yàrá rẹ ń fẹ́ ìṣó, ẹsẹ̀ ìyá rẹ ń fẹ́ oògùn tí kì í ṣe ti inú ìgò tó ní àwòrán aláǹtakùn tí ó ń ra ní Krofrom. Mo tún nílò aṣọ funfun tó tó wé láwàní fún ẹni tó ga, wọ́n ní ti Àkrà dára ju tibí lọ. Má yáwó. Bó bá sì jẹ́ pé owó ọkọ̀ nìkan ló wà, jẹ́ kí òjò máa wọ yàrá, kí ẹsẹ̀ máa dùn, fi owó yẹn wọ ọkọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà tí ò ń ṣọ́ di ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò tì mọ́ ọ. Òjò kò ní pa ọ́ mọ́, oòrùn kò ní pa ọ́. Ẹni tó bá fi fèrè pè ọ́ lónìí, yóò fi ẹnu rẹ̀ kí ọ lọ́la. A ò ní fi ojú wá ọ tì lọ́jọ́ Iléyá. Àmín.

Wọ́n ní kí n máa kọ Baálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà mi báyìí, ṣùgbọ́n oyè yẹn kò tíì jókòó, ọ̀tún rẹ̀ ṣófo. Nítorí náà,

èmi ni bàbá rẹ,
oyè kan ṣoṣo tí mi ò bá ẹnikẹ́ni tọ́jú.